Níbo Ni Kí N Wò?

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ti ń ya fọ́tò kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú, gba àwòrán òkè Ìdànrè tí mo yà, ó wò ó pẹ́, ó wá bi mí pé, "Níbo ni kí n wò?" Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó dá a padà fún mi, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mi ò rántí ọ̀rọ̀ mìíràn náà mọ́. Ìbéèrè yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ó ti mọ́ àwa tí a jọ ń ya fọ́tò lára láti máa kó àwòrán wa jọ kí oníkálukú sọ èyí tó rí sí i. Mo ti gbọ́ pé ibi tí ilẹ̀ ti pàdé sánmà dagun. Mo ti gbọ́ pé ojú ọ̀run funfun jù, pé òkúta iwájú dí ọ̀nà. Gbogbo ìyẹn ló ní àtúnṣe: èèyàn á nà án kó tọ́, á gé etí rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń tún ṣe nígbà tí ẹni tó ń wòran bá ní òun ò mọ ibi tí òun yóò wò?

Èmi mọ ibi tí mò ń wò o. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ni, nínú ìlú tí àwọn ará Ìdànrè fi sílẹ̀ lórí òkè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn kó tó débẹ̀. Òrùlé ààfin náà wà nínú àwòrán mi, ó kéré láàárín àwọn òkúta ràgàjì, ó sì mọ́ kedere. Òkúta náà mọ́ kedere. Koríko iwájú mọ́ kedere. Kò sí ohun tí kò mọ́.

Àwọn tó sọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di ẹ̀sìn mọ ìṣòro yìí. Ní 1932, Ansel Adams, Edward Weston, Imogen Cunningham àtàwọn akẹ́gbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Group f/64 sílẹ̀ ní Kalifọ́níà. Ihò lẹ́ńsì tó kéré jọjọ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, èyí tó ń jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà mọ́ bákan náà. Síbẹ̀, nígbà tí Adams ya òṣùpá tó yọ lórí abúlé Hernandez ní New Mexico ní 1941, kò fi í sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe gbé e wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tẹ àwòrán kan ṣoṣo yìí jáde, iye tó tẹ̀ sì lé ní 1,000. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ìkùukùu ṣì fọ́n ká ojú sánmà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń mú sánmà náà ṣókùnkùn sí i, títí tí ojú ẹni kò fi ní ibòmíràn láti lọ ju òṣùpá àti àwọn àgbélébùú funfun tó wà ní itẹ́ òkú abúlé náà. Mo gbà pé irú ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa ló ń dáhùn nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Èèyàn á rò pé àwòrán kòkòrò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Bí a bá sún mọ́ kòkòrò débi pé àwòrán rẹ̀ nínú kámẹ́rà tóbi tó òun fúnra rẹ̀, tí a sì ṣí ihò lẹ́ńsì sí f/8, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Bí ojú lámilámi bá mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣú. Lẹ́ńsì ti bá wa yan ibi tí a ó wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí àwòrán kòkòrò fi máa ń jọra: ojú rẹ̀ mọ́, tàbí ojú rẹ̀ kò mọ́. Tó bá ti mọ́, a gbà pé ó parí.

Àwòrán ẹ̀gẹ́ kan ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Kòkòrò pupa kékeré kan ni mo yà lórí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú àmì dúdú lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìn ín. Mo wá fi han ìyá tó ni oko náà, lọ́nà Ìjàyè. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Ọmọ mi, èwo lára ẹ̀gẹ́ mi rèé? Orí ẹ̀ ti ká kò." Ìka rẹ̀ wà lẹ́yìn kòkòrò náà, níbi tó ṣú. Nígbà tí mo wo ibẹ̀ dáadáa, mo rí ewé tó ká jọ, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì wà lára wọn. Kò tiẹ̀ wo kòkòrò pupa mi.

Ojú rẹ̀ ní ìdí tó fi lọ síbẹ̀. Láàárín 1970 sí 1980 ni kòkòrò funfun kan tó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà, Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ó sì run oko lọ rẹrẹẹrẹ. Àwọn tó ń wá ọ̀tá rẹ̀ lọ síbi tó ti wá. Ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò kan tó jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń pa ìyẹn kò fọwọ́ kan tiwa. Àṣé ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì: tiwa pọ́n díẹ̀, kò sì ní akọ, ìkejì ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní akọ. Ní 1981 ni wọ́n tó rí gidi rẹ̀ ní Paraguay. Agbọ́n tí wọ́n bá níbẹ̀, tí kò tó mílímítà 2, ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú Ìbàdàn, tú sílẹ̀ sínú oko ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn kan náà. Hans Herren, tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ìyá olóko yìí kò mọ orúkọ Herren. Ó mọ bí orí ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn ṣe ń rí.

Ẹ̀gẹ́ náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá tèmi. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kùn ún sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ìyá mi ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ó ń tà á n'Ìbàdàn, èmi ni mo máa ń bá a gbé àpò. Bí ìyá aláró bá ti na aṣọ jáde tó sì fẹ́ máa ṣàlàyé, ìyá mi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì sọ fún mi." Á tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, á fi ìka lé ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé, ìka á máa tẹ̀ lé ojú, títí ojú á fi dúró. "Ibí ni mo gbà wọlé. Ibí ni mo dúró sí." Bó bá jẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ rí, kó tó rí àwòrán ṣíbí. Bí ìka rẹ̀ bá lọ tààrà síbi tí ẹ̀kọ ti ya tí aró sì gba ibẹ̀ wọlé, kò sẹ́ni tó máa bú ẹnikẹ́ni. Ìyá aláró ti rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó dúnàá dúrà.

Mo rò pé ọgbọ́n ọjà ni nígbà náà. Ní báyìí mo mọ̀ pé ohun kan tí kò lè fún ìyá aláró lẹ́ẹ̀mejì lórí aṣọ kan ló ń fún un. Kò sí ẹni tó lè rí àwòrán kan fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi tí mo ya òkè Ìdànrè kò lè ṣe é rárá, nítorí mo mọ ibi tí ààfin wà. Ojú mi ti débẹ̀ kí n tó wò. Ọwọ́ ẹlòmíràn nìkan ni mo ti lè rí i gbà, ẹyọ kan péré ló sì ní fún mi. Kí là ń fi ṣe? Kí àwòrán tó jáde nínú àpò la ti ń sọ pé ìdájí la jí, pé ọyẹ́ bo gbogbo òkè, pé díẹ̀ ló kù kí kòkòrò náà fò lọ. Nígbà tí àwòrán bá máa fi jáde, ìtàn wa ni ẹni náà ń wò. "Ó mà dára o" tí à ń gbọ́, ìtàn la fi gbà á.

Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, ìròyìn ni. Ojú rẹ̀ rìn káàkiri òkè mi, kò rí ibi tó máa dúró sí, ó sì sọ ọ́ fún mi láìfi nǹkan kan kún un. Ìyá olóko náà jíṣẹ́ ojú tirẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra, nítorí ojú kì í lọ sórí nǹkan lófìfo. Ohun tó ti kọ́ àti ohun tó ti pàdánù ló ń darí rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n rò pé ẹni tí a fi àwòrán hàn ṣe pàtàkì ju ohun tó mọ̀ nípa kámẹ́rà lọ.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò kan mú àwòrán odò inú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo wá. Ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Mo sọ fún un pé ara igi funfun ni ojú mi gbà wọlé, pé ó bá omi lọ, ó sì jáde ní apá òsì níbi tí oòrùn ti kan ewé kan. Ó yà á lẹ́nu. "Ẹ̀yin ò rí ère yẹn ni?" Mi ò rí i. Ère kan wà lábẹ́ òjìji, tìtorí rẹ̀ ló ṣe lọ. A jókòó tì í, a jọ ń jiyàn bóyá kó mú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó gbà pé àwòrán omi ló yà. Èmi fẹ́ kó padà lọ síbẹ̀ ní àkókò tí oòrùn máa kan ère náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi èyí han ẹlòmíràn, láìsọ nǹkan kan. Mo ní kó wá èèyàn méjì: ẹnìkan tí kò dé Òṣogbo rí, àti ẹnìkan tó máa ń lọ bọ Ọ̀ṣun.