Orin Kan Nínú Gbogbo Yàrá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí a fi ń gbọ́ orin nínú ilé ti yí padà lójú wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò yí padà: ta ni ó ń yan orin tí ará ilé ń gbọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò, nítorí ó kan èdè wa gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a ti ẹ̀yìn bọ̀. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ohùn rédíò kiri ilé ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, Rediffusion ni wọ́n ń pè é. Kò sí pé onílé fẹ́ yan ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó lè yí i sókè, ó lè yí i wálẹ̀, ó parí. Orúkọ tí àwọn bàbá wa fún rédíò, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, bá àpótí yẹn mu rẹ́gí.

Lónìí, asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì. Mo rí i nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ olóṣù 6 lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú ilé ní Abújá. Sípíkà kan nínú pálọ̀, òmíràn nílé ìdáná, òmíràn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí wáyà tó so wọ́n pọ̀. Orí fóònù ni onílé yóò ti yan orin, tí yóò sì yan yàrá tí ó fẹ́ kí ó ti dún. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni ènìyàn yóò fi pàṣẹ, ẹ̀rọ náà yóò sì dáhùn.

Ẹ má ṣe rò pé Bluetooth tí a ń lò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mò ń wí o. Ní ti Bluetooth, fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé orin fún sípíkà: bí o bá gbé fóònù jìnnà, orin á já, bí ẹnìkan bá pè ọ́, orin á dákẹ́. Nínú ilé tí mò ń sọ yìí, orí Wi-Fi ni gbogbo sípíkà jọ wà. Irú ti Sonos, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 2002, fóònù kàn ń pàṣẹ ni. Sípíkà ni yóò lọ mú orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin tí ó bá sì ti wà lórí kọ̀ǹpútà inú ilé kò jẹ dátà kankan kí ó tó dé yàrá. Iná nìkan ni kò gbọdọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ béèrè ìnfátà lọ́wọ́ onílé.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń dún pọ̀. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000, tí sípíkà kan sì fi bí 50 péré nínú rẹ̀ ṣíwájú èkejì, etí lè máa gbọ́ ohùn méjì tó ń lé ara wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé sípíkà kọ̀ọ̀kan yóò ti gba orin náà sílẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, gbogbo wọn yóò sì máa wo aago kan náà. Bí ìyáàlù àti omele ni: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dá lu tirẹ̀.

Ilé kan wà tí a ti ṣiṣẹ́, ọmọ Yorùbá ni bàbá onílé. Yàrá 6, sípíkà 6. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olúkúlùkù ọmọ fi tilẹ̀kùn mọ́ orin tirẹ̀. Bàbá náà wá bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n ṣe bọ́tìnì kan sórí fóònù òun, tó jẹ́ pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, orin kan náà ni yóò gba gbogbo yàrá. Èmi ni wọ́n rán. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá ni bàbá fi dán an wò. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ pariwo. Nígbà tí ó ṣe, èyí àbíkẹ́yìn yọrí lójú àtẹ̀gùn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Dádì, kí ni àjànàkú?" Bàbá ní erin ni. Ọmọ ní kí ló dé tí wọn kò kúkú pè é ní erin. Bàbá fà á jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Yorùbá ni ó sì fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi. Hausa ni mo ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni nílé-ìwé. Ẹ̀rọ síídì kan ṣoṣo ló wà nílé wa, bàbá mi ló ni í, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí bóyá àpàlà wù mí. Hárúnà Ìṣọ̀lá ti kú láti 1983, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ púpọ̀ nínú òwe tí mo fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀ lónìí. Ká ní mo ti ní sípíkà tèmi nínú yàrá nígbà náà ni, ǹjẹ́ ǹ bá jókòó gbọ́ ọ?

Ẹlòmíràn lè wí pé Rediffusion ni mo fẹ́ dá padà. Rárá o. Orin tí a bá fi ipá fúnni, etí nìkan ni ó ń dé, kì í dé ọkàn. N kò sì ní kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹ̀rọ yìí mọ ọ̀nà méjèèjì: ó lè tú ilé ká, ó sì lè kó ilé jọ. Ọwọ́ ẹni tó bá mú fóònù ni ó wà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní padà sí ilẹ̀ Yorùbá lọ tẹ̀dó. Àwa náà yóò kọ́lé, a ó bímọ, níbi tí èdè ìta kì í ṣe tiwa. Kò dìgbà tí a bá lówó Sonos. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Snapcast, tí kọ̀ǹpútà kan àti àwọn ògbólógbòó fóònù Android fi lè jọ kọ orin kan náà. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó, kí orin kan wà tí gbogbo yàrá jọ mọ̀, kí ọmọ lè rí ohun tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.