Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Télọ̀

Nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, yunifásítì tí mo lọ ni mo máa ń dárúkọ fún wọn. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́ délẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ ọ, láàárín 1970 sí 1973. Àwọn olùkọ́ mi ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Ebenezer Obey àti àwọn olórin mìíràn tí orin wọn gbòde ní àkókò náà. Ọ̀kankan nínú wọn kò mọ̀ pé a bí mi.

Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Gáná. Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n bàbá mi ti lo ọdún méjìlá nídìí òwò ní ọjà Kùmásí kí n tó dáyé. Àtùpà, bàtà rọ́bà àti abọ́ tánganran ni ó ń tà. Twi ni èdè tí mo fi ń ṣeré níta; Yorùbá ni èdè tí wọ́n fi ń bá mi wí nínú ilé. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo mọ̀ nígbà náà kò ju èyí tí ọmọdé nílò láti jẹun, láti tọrọ àforíjì àti láti lọ sùn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà bá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bàbá mi ta ọjà tí ó lè tà ní ìdajì iye rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ gíramafóònù rẹ̀ kún owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwo orin mẹ́ta wà tí kò tà. Ìyá mi fi ìró wé wọn, wọ́n sì bá wa gba Tógò àti Dàhòmì kọjá títí a fi dé ilé. Nígbà tí a tú ẹrù, bàbá mi kó àwo náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì ti àpótí náà pa. Àwo wà, kò sí ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ Twi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fi Twi bá a sọ̀rọ̀, ńṣe ni yóò máa wo ògiri bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ọmọ Gáná ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ni mí lára púpọ̀. Ohùn àárín ni ó dà mí láàmú. A máa yọ jáde níbi tí kò yẹ, a sì máa sá pamọ́ níbi tí ó yẹ. Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ sọ fún aládùúgbò wa pé bàbá mi gbé ọkọ́ lọ sí oko. Ohun tí ó ti ẹnu mi jáde ni pé bàbá mi gbé ọkọ lọ sí oko. Fún odindi oṣù kan gbáko, bí mo bá ti yọ níta, àwọn ọmọ yóò bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọkọ bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?" Mo dẹ́kun jíjáde. Ọ̀kánkán ilé wa nìkan ni mo ń lọ, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Télọ̀ wà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ márùn-ún, àti ẹ̀rọ ṣénjà kan tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò ní alẹ́ bí ẹni pé ọmọ tuntun ni. Láàárọ̀, kí Ọ̀gá Télọ̀ tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò ti gbé àwo lé e. Ẹni tí ó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ọjà yóò gbọ́ ìdajì orin ní àlọ, yóò sì gbọ́ ìdajì kejì ní àbọ̀. Èmi ni mo ń pọn omi sínú ìkòkò wọn, tí mo sì ń fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Owó iṣẹ́ mi ni pé kí n jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kí n máa yí àwo padà.

Ọ̀gá Télọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun kan tí mo wá rí nínú ìwé àwọn onímọ̀ èdè ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń ṣi ohùn. Bí mo bá ń kọrin, n kì í ṣì í. Òótọ́ ni. Nínú àpàlà àti sákárà, ohùn orin kì í jìnnà sí ohùn ọ̀rọ̀. Olórin kò lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ bí ó ti wù ú, nítorí nǹkan mìíràn ni àwọn olùgbọ́ yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ orin náà dáadáa ti gba ohùn àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. (Orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà, ni kò lè kọ́ àlejò ní Yorùbá. Mo mọ̀, nítorí mo ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó sì ń ba ohun tí mo ti kọ́ láti Ajé títí dé Àbámẹ́ta jẹ́.) Bí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan, Ọ̀gá Télọ̀ a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, a ní, "Kọ ọ́ lórin." N óò kọ ọ́ lórin, yóò sì tọ́.

Hárúnà Ìṣọ̀lá ni ààyò rẹ̀. Kò sí gìtá nínú orin náà, kò sí fèrè. Ìlù àpàlà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àgídìgbo ni. Ohùn ọkùnrin náà kì í kánjú, ìdí sì nìyẹn tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè fi lè bá a rìn. Ní 1971 ni àwo "Oroki Social Club" jáde, èyí tí ó fi yin ẹgbẹ́ aláfẹ́ kan ní Òṣogbo. Mo bi Ọ̀gá Télọ̀ pé ta ni ń jẹ́ Òròkí. Ó ní oríkì ìlú Òṣogbo ni, pé kò sí ìlú tí kò ní oríkì, pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa ní Ajílété. Mo wá bèèrè pé kí ni oríkì Kùmásí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bi bàbá mi. Mo lọ bi í. Ó wo ògiri.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kì í fẹ́ràn orin ìyìn olówó. Wọ́n ní owó ni olórin ń wá. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yin olówó ní láti mọ oríkì rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó bí i, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwà tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí Yusuf Ọlátúnjí bá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ tẹ̀lé orúkọ, tí gòjé sì ń dá a lóhùn, ìdílé ni ó ń kà fún mi. Àwọn olówó náà ni ó san owó. Èmi ni mo jẹ oúnjẹ.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ kò fẹ́ àpàlà púpọ̀. Bí ọ̀gá bá ti jáde, Fẹlá ni. "Jẹun Kó o Kú", èyí tí ó jáde ní 1971, ni orin àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tán pátápátá. Ìyá mi sì gbá mi létí nítorí rẹ̀, nítorí mo kọ ọ́ nígbà tí àlejò kan ń jẹ iyán lọ́wọ́ nílé wa. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Píjìn ni Fẹlá fi kọ "Lady". Inú àwọn ọmọ iṣẹ́ dùn, nítorí wọ́n ka ara wọn sí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi pàdánù olùkọ́ kan.

Rex Lawson náà wà níbẹ̀, ọmọ Kalabari tí ń fọn fèrè idẹ. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní oṣù kìíní ọdún 1971. Ní ọjọ́ tí a gbọ́, orin rẹ̀ nìkan ni ó dún ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó gbọ́ Kalabari. Lẹ́yìn náà ni "Soul Makossa" ti Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù, wọlé dé. A kò gbọ́ èdè yẹn náà. Gbogbo wa ni a ń kọ ọ́. Kò jọ mí lójú nígbà náà pé ènìyàn lè máa kọ orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni àwọn awakọ̀ kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dorin, àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé a sì máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù láti gbọ́ ohun tí ayé dà. Bàbá mi kì í dúró. Ó ti ná pọ́n-ùn, ó ti ná sídì. Ó ní owó kẹta kò lè ya òun lẹ́nu.

Àwo kékeré ni ọ̀pọ̀ orin tí mo ń yí padà wà lórí rẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ojú kan. Ṣùgbọ́n àwo ńlá ti ń gbòde, orin kan ṣoṣo sì lè gba odindi ojú àwo. Irú àyè bẹ́ẹ̀ gba ìtàn. Ebenezer Obey lò ó ní 1973 nígbà tí ó fi ìtàn bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọrin. (Ẹṣin ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára àwo náà pe ẹranko ọ̀hún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.) Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lórí ẹranko náà, kódà bí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, aráyé rí nǹkan wí.

Orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá mi wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó dúró. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. N kò tí ì gbọ́ ẹ̀rín náà láti ìgbà tí a ti kúrò ní Kùmásí. Ó ní, "Télọ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹranko kan nílé." Ó lọ, ó sì mú ọ̀kan nínú àwo mẹ́ta náà dé. "Bá mi fi èyí sí i."

"Ebi Te Yie" ni, orin Nana Ampadu àti ẹgbẹ́ African Brothers, tí ó jáde ní 1967. Bí gìtá ti dún ni ara mi ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ń bá olórin lọ, n kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Télọ̀ ní, "Ọmọ Gáná, kí ni ó ń wí?" Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sórí àpótí yẹn kọ́ ohùn Yorùbá ni èdè tí mo fi ń ṣeré ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ku orin.

Bàbá mi wò mí. N kò lè gbàgbé ìwò náà, nítorí kì í ṣe ti ìbínú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá túmọ̀ orin náà fún ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ẹranko pe ìpàdé. Ẹkùn jókòó sẹ́yìn ẹtu, ó tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹtu bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkùn a ní kí ó dákẹ́. Nígbà tí ara ẹtu kò gbà á mọ́, ó ké sí alága pé àwọn kan wà lórí ìjókòó tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn kan kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní nígbà tí orin náà jáde, àwọn ará Gáná gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú nínú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a kò fi gbọ́ ọ lórí rédíò mọ́. Yorùbá ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n Twi ni orúkọ àwọn ẹranko fi ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kí ó tó rántí túmọ̀ wọn. Nígbà tí ó parí, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Mo ti fi orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì láti ìgbà náà, kì í sì í já mi kulẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ti ń dàgbà ni mo ń rí i pé àwọn orin méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ti Obey ń tu ẹni tí ó ti ní nǹkan gígùn nínú. Ẹnu aráyé nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Ẹtu Ampadu kò ráyè ẹnu aráyé, ìrù rẹ̀ ni ó ń dùn ún. Ọ̀sán kan náà ni mo gbọ́ wọn, mo sì rò pé ìtàn ẹranko lásán ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan àwọn ará Gáná láti kó ẹrù wọn kúrò ní Nàìjíríà. Mo wà nílé láti yunifásítì ní àkókò náà. Bíríkìlà kan tí ó jẹ́ ọmọ Gáná ń gbé ní àdúgbò wa. Òun ni ó mọ ògiri yàrá tuntun bàbá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó wá dágbére. Bàbá mi fà á jókòó, ó sì fi Twi kí i. Èdè náà ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́tàlá, ó sì jáde láìdípẹtà. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ń gbọ́ ohùn òkè, mo ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, mo lè fi àmì sí i lórí ìwé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi.

Nígbà tí ọkùnrin náà dìde, bàbá mi wọlé lọ, ó mú àwo Ampadu jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i padà, ó wò ó. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ tí n óò fi gbọ́ ọ." Yorùbá ni ó fi sọ ọ́, bóyá nítorí tèmi.

Bàbá mi ní, "Èmi náà kò ní nígbà tí mo gbé e wá."

Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àwo náà sí àárín aṣọ, níbi tí kò ti ní í kán.