Ọdún Wo Ló Ju Ọdún Lọ?

Ọmọ tí kò tí ì dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í wí pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn tó fẹ́ràn géèmù, eré tí à ń ta lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tàbí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé ọdún wo ni géèmù dára jù lọ láti ìgbà tí aráyé ti ń ṣe é. Bó bá ti dárúkọ ọdún náà tán, ẹ tún bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí i pé ìgbà èwe rẹ̀ ló ń yìn, orúkọ géèmù ló kàn fi bò ó mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbà pé nítorí èyí ni kí a fi pa àríyànjiyàn náà tì. Àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ kì í sọ pé, nítorí pé olúkúlùkù ló fẹ́ràn ewì tó kọ́kọ́ há sórí, kò sí ewì tó dára ju òmíràn lọ. À ń wọn ọ̀rọ̀ wò ni. Ó yẹ kí a lè wọn ọdún wò pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú eré ọmọdé. Ẹ ní sùúrù fún mi. Owó eré yìí ló rán ẹnì kan nínú ilé wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, n ó sì débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò mọ òfin àròkọ alárìíyànjiyàn: ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ inú orí-ọ̀rọ̀ palẹ̀ kò ní mọ ibi tí ìjà ti ń bọ̀. Kí ni "dára jù" túmọ̀ sí? Ṣé ọdún tí géèmù dáadáa pọ̀ jù lọ ni? Ṣé ọdún tí wọ́n gbin irúgbìn ohun tí à ń kórè lónìí ni? Àbí ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí géèmù ta? Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní Èkó, kò bìkítà fún ìpín wọ̀nyí. Ọdún 2017 ni tirẹ̀. Bó bá ti ka The Legend of Zelda: Breath of the Wild, tó ka Super Mario Odyssey, tó sì fi ẹ̀rọ Switch tí Nintendo gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún náà lé e, á ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń bá a wálé gbà pé 2007 ni, ọdún BioShock, Portal àti Super Mario Galaxy. Àwọn méjèèjì ń ka orúkọ bí ẹni ń ka owó, ṣùgbọ́n kíka kọ́ ni wíwọ̀n.

Àwọn tó ń wá irúgbìn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún lésì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á mú 1972, ọdún tí ẹ̀rọ Odyssey tí Ralph Baer fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gbé kalẹ̀ wọ inú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, tí Allan Alcorn sì ṣe Pong fún Atari. Wọ́n jàre dé ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irúgbìn ni ẹ̀rí, ọdún 1983 ni ì bá wù mí kí wọ́n dúró lé, ọdún tó jẹ́ pé òkú ni wọ́n ń sin ní apá kan ayé nígbà tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, géèmù játijàti kún ọjà títí àwọn oníbàárà fi kẹ̀yìn sí i, ọjà náà sì wó. Atari kó káséètì tí kò tà lọ sí ààtàn ìlú Alamogordo ní New Mexico, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni bo àṣírí. Àwọn kan ń pè é ní àhesọ títí wọ́n fi hú ibẹ̀ ní 2014, tí wọ́n sì bá káséètì géèmù E.T. nínú ilẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1983 yẹn kan náà, Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní ilẹ̀ Japan, orí rẹ̀ sì ni Super Mario Bros. ti jáde ní 1985. Bí ará Amẹ́ríkà àti ará Japan bá jókòó láti ṣèdájọ́ ọdún 1983, ẹnu wọn kò lè kò, bẹ́ẹ̀ irọ́ kò sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Èmi ní tèmi, ọdún 1998 ni mo fi lélẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni pé, géèmù mélòó ló jáde ní ọdún kan tó jẹ́ pé àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kò lè ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí wọn?

Ẹ wo Ocarina of Time tí Nintendo gbé jáde ní oṣù kọkànlá. Nígbà náà, àwọn tó ń ṣe géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àwòrán pẹlẹbẹ bọ́ sínú èyí tó ní ìbú àti jíjìn ni. Wàhálà tó bá wọn níbẹ̀ ni pé akọni inú eré á máa fi idà gún afẹ́fẹ́, nítorí ẹni tó di páàdì mú kò lè mọ ibi tí ọ̀tá dúró sí gan-an. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe géèmù náà lọ wo eré onídà ní ọgbà fíìmù Toei ní ìlú Kyoto. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí ọ̀tá tilẹ̀ pọ̀ yí akọni ká, ẹnì kan ṣoṣo ní í kọlù ú lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á dúró de ìgbà tiwọn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n lò. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kan, ojú akọni á lẹ̀ mọ́ ọ̀tá kan, á máa yí i ká, kò sì ní ṣì í gún. Lónìí, ó ṣòro láti rí géèmù onídà tí kò jẹ nínú oúnjẹ yẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ojú agbo eré ni ọgbọ́n náà ti wá, kì í ṣe inú ẹ̀rọ.

Oṣù yẹn kan náà ni Half-Life jáde láti ọwọ́ Valve, ilé-iṣẹ́ tí Gabe Newell àti Mike Harrington dá sílẹ̀ ní 1996 lẹ́yìn tí wọ́n fi Microsoft sílẹ̀. Wọn ì bá ti gbé e jáde ní 1997, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó pé kò tí ì tó, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ lítíréṣọ̀ yóò gbádùn ọ̀nà tó gbà sọ ìtàn: kò sí asọ̀tàn kankan tó ń dá eré dúró láti wá ṣàlàyé. Ojú Gordon Freeman nìkan ni a fi ń rí ohun gbogbo, láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ títí dé òpin. Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ lórí ojú ìwòye nínú ìtàn kò ní láti rìn jìnnà.

Metal Gear Solid ti Hideo Kojima, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án, ń kọ́ni ní fífara pamọ́ ju ìbọn yíyìn lọ. Ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Psycho Mantis, tó ń pera rẹ̀ ní arínúróde. Yóò yẹ ohun tí ẹ tọ́jú sínú káàdì ìrántí ẹ̀rọ yín wò, yóò sì máa dárúkọ àwọn géèmù tí ẹ ti ta ṣáájú, bí aríran tó ń dárúkọ ìyá ẹni tó kò tí ì mọ̀ rí. Kò sí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà lù ú tí kò ti mọ̀. Àfi kí ẹ yọ páàdì yín kúrò nínú ihò kìn-ín-ní, kí ẹ tì í bọ ihò kejì. Nígbà náà ni kò ní lè ka ọkàn yín mọ́. Ẹ wo géèmù tó na ọwọ́ jáde láti inú àpótí, tó di wáyà mú nínú yàrá yín!

Ti StarCraft kò gùn. Ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé e jáde ní ìparí oṣù kẹta, ìran mẹ́ta ló ń jagun níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n ogun tirẹ̀. Ó bá Korea Gúúsù lẹ́yìn tí ọrọ̀-ajé ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní 1997, nígbà tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PC bang ń pọ̀ sí i ládùúgbò. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ta á tọ̀sán tòru. Nígbà tó fi di ọdún 2000, ìkànnì amóhùnmáwòrán kan ti wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé géèmù ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Èwo nínú wọn lẹ ta ní 1998?"

Kò sí. Ìbéèrè yẹn ló sì gbé wa dé ìtumọ̀ kẹta. Àní láàárín àwọn orílẹ̀-èdè olówó pàápàá, ọdún kò dọ́gba: Pokémon tó jáde ní Japan ní oṣù kejì ọdún 1996, oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ló dé Amẹ́ríkà. Ọdún wo ni ká kà á mọ́? Tiwa ńkọ́, ní Ìbàdàn? Ní ọdún 1998, Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, Abíọ́lá kú ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Ohun tó wà lọ́kàn wa kọjá eré. Géèmù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ni èyí tí à ń pè ní brick game, pẹlẹbẹ kékeré tó ń lo bátìrì, tí bíríkì ń já bọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ Tetris ni, Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984. Nípa báyìí, ọdún 1984 ti àwọn ará Moscow ni à ń jẹ ní 1998 tiwa.

Ní 1999, àbúrò mi ra ẹ̀rọ PlayStation àlòkù kan. Ẹ̀rọ náà ti wà lọ́jà ní Japan láti oṣù kejìlá ọdún 1994. Ó gbé e sínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wa ti ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó wá tẹlifíṣọ̀n kékeré kan àti bẹ́ǹṣì méjì. Géèmù bọ́ọ̀lù ti Konami ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, náírà mẹ́wàá fún ìdíje kan. Òfin ṣọ́ọ̀bù náà kò ju méjì lọ. Bí iná bá lọ kí eré tó dé ìdajì, a ó tún un gbá lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá lọ lẹ́yìn ìdajì, ẹni tó ń borí ló borí. Ẹni tí wọ́n bá ti gbá góòlù méjì wọlé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí iná lọ kí wọ́n tó fọn fèrè ìdajì. Ọmọkùnrin kan wà tí àdúrà rẹ̀ máa ń gbà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́-Òkùnkùn.

Bàbá wa, tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù mẹ́rin. Ó ní òun kò bí ọmọ tí yóò máa kó ìpáǹle jọ sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó di 2002, tí àbúrò mi gba ìwé ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí owó ìfẹ̀yìntì bàbá sì ti ń pẹ́ kó tó dé, inú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó náírà mẹ́wàá mẹ́wàá sí ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń rán wa létí pé kí á ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Bí mo bá wí ti 1998, ohun tí àbúrò mi máa ń wí ni pé, "Bùọ̀dá, ọdún tí wọ́n ṣe é kò kàn mí. 2002 ni ọdún géèmù." N kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n n kò fi tèmi sílẹ̀, torí ọdún ayé tirẹ̀ ló ń wọ̀n, èmi ń wọn ọdún iṣẹ́ ọnà. A kì í fi òṣùwọ̀n gàrí wọn aṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ti ń dárúkọ 2023 báyìí, nítorí Baldur's Gate 3 àti Tears of the Kingdom. Géèmù ńlá ni wọ́n lóòótọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn nídìí géèmù ṣíṣe, n kò sì rò pé wọ́n wà lára àwọn tó ń dìbò fún un.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn géèmù tí a kò lè rí tà mọ́ láti fi mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n dára. Ní oṣù keje ọdún 2023, Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù tó jáde níbẹ̀ ṣáájú 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó bá ti wá onírárà kan dé abúlé rẹ̀ rí, tí wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé baba ti kú lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí.

Àpótí ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá ṣì wà lórí àjà ilé àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wí pé kí wọ́n dà á nù, eku ló ń bí sí i. Ní Kérésìmesì tó kọjá, ọmọ wọn, ọlọ́dún 2017 yẹn, gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì wá wáyà tí yóò gbé e mọ́ tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé. Nínú síídì mẹ́rìnlá, márùn-ún ló ṣí. Káàdì ìrántí náà ṣì ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni a ti rí i pé àbúrò mi ti fi orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ rọ́pò ti àwọn agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Ọmọ ń ka orúkọ, bàbá ń sọ ibi tí oníkálukú wà: èyí ti di lọ́yà, èyí wà ní Manchester, èyí ti kú, Ọ̀rẹ́-Òkùnkùn ṣì jẹ òun ní ọgbọ̀n náírà. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìjókòó súnmọ́ wọn. Mo fẹ́ tún gbé ọ̀rọ̀ 1998 dìde, wọn kò dá mi lóhùn.