Orúkọ Ìletò tí Akọ̀wé Kò Kọ Sílẹ̀: Títọpasẹ̀ Àwọn Ará Írẹ́lándì tí Wọ́n Ṣí lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Orúkọ ibi tí wọ́n ti bí baba ńlá ni ó kọ́kọ́ máa ń sọnù nínú ìtàn ìdílé tí ó ti Írẹ́lándì ṣí lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí orúkọ baba ńlá náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ wà kedere nínú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú rẹ̀. Nínú ìwé ìkànìyàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1841, lẹ́tà kan ṣoṣo, I, ni àwọn akọ̀wé fi dúró fún gbogbo ilẹ̀ Írẹ́lándì. Nígbà tí ó sì di ọdún 1851, tí wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ ìlú àti ẹkùn rẹ̀, àṣẹ tí wọ́n pa nípa àwọn ará Írẹ́lándì ni pé kí wọ́n kọ orúkọ ilẹ̀ wọn nìkan. Ìyẹn tó fún ìjọba, ṣùgbọ́n kò tó fún ọmọ-ọmọ wọn. Írẹ́lándì pín sí ìletò tí ó lé ní 60,000, tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní townland, ìyẹn ilẹ̀ oko àti ibùgbé ìdílé mélòó kan tí ó ní orúkọ àti ààlà tirẹ̀. Lábẹ́ orúkọ ìletò yìí, tàbí ó kéré tán lábẹ́ orúkọ párísì, ìyẹn agbègbè ìjọ, tí ó yí i ká, ni wọ́n ti ń wá ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀ àti ibojì àwọn tí wọ́n kù sílé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì ń wá Patrick Murphy kan káàkiri Írẹ́lándì, yóò rí Patrick Murphy lọ súà, kò sì ní mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìwádìí náà pẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó sọdá òkun, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ máa ń kánjú wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dublin.

Ìwé orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi, tí ó ran ọ̀pọ̀ ìdílé Írẹ́lándì ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́, kò sí fún àwọn tí wọ́n lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà. Láti ọdún 1801 tí òfin ìṣọ̀kan ti so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ìjọba kan, títí di ọdún 1922 tí apá tí ó pọ̀ jù ní Írẹ́lándì fi bọ́ sábẹ́ àkóso ara rẹ̀, ẹni tí ó bá ti Dublin wọkọ̀ lọ sí Liverpool kò jáde kúrò nínú ilẹ̀ ọba kan náà, kò nílò ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òtòṣì a san ṣílè díẹ̀, a sì dúró lórí dẹ́ẹ̀kì láàárín màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ tà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1848, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Londonderry gbéra láti Sligo lọ sí Liverpool. Nígbà tí ìjì dé, àwọn atukọ̀ ti àwọn èrò orí dẹ́ẹ̀kì sínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, wọ́n sì bo ẹnu rẹ̀ kí omi má baà wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi tán níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà fi máa yà sí Derry, ènìyàn 72 ti kú. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó yẹ kí olùwádìí tí ipa ẹnì kan bá ṣàdédé já mọ́ lọ́wọ́ rántí pé òkun wà láàárín.

Ìyàn Ńlá ni ó sọ ìṣíkiri tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ di rẹpẹtẹ. Láti ọdún 1845 ni àrùn kan ti ń jẹ pòtétò rà nínú ilẹ̀, oúnjẹ tí àwọn ọlọ́jà ní Nàìjíríà ṣì ń fi orúkọ Írẹ́lándì pè títí dòní, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun nìkan ni mẹ̀kúnnù ibẹ̀ gbójú lé. Ọkà àti ẹran kò yéé jáde láti èbúté Írẹ́lándì nígbà tí ebi ń pa àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí wọn, nítorí pé òun ni wọ́n ń tà láti san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí i san, wọ́n lè lé e jáde kí wọ́n sì wó ilé rẹ̀. Kí ìyàn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ti kú, iye tí kò dín sí bẹ́ẹ̀ sì ti ṣí lọ. Ní ọdún 1847 nìkan, nǹkan bí 300,000 ni ó gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ọ̀pọ̀ kọjá lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò lówó ọkọ̀ há mọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ibà táífọ́ọ̀sì, tí iná ara ń gbé kiri, ti pa wọ́n lọ bí ilẹ̀ bí ẹní; àlùfáà Ìjọ Àgùdà mẹ́wàá ni ó kó ibà náà lọ́dún yẹn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ń kú lọ, tí àwọn náà sì kú. Nínú ìkànìyàn ọdún 1851, nǹkan bí 520,000 ènìyàn tí wọ́n bí ní Írẹ́lándì ni ó ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, wọ́n sì ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ ní Liverpool.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó máa ń sọ pé ìyàn ni ó lé baba wọn wá, nígbà tí ìwé ìrìbọmi àkọ́bí rẹ̀ fi hàn pé ó ti wà ní Lancashire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ọdún 1840. Àwọn ará Mayo ní Írẹ́lándì ti máa ń sọdá lọ́dọọdún láti kórè lóko àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè rówó ìṣákọ́lẹ̀; àwọn mìíràn gbẹ́ odò ọkọ̀, wọ́n la ojú irin réluwé, tàbí kí wọ́n hun òwú ní Manchester. Ìtàn ẹnu yẹ ní gbígbọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n bí àwọn ọmọ ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Ìwé Ìjọ Àgùdà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣeé gbójú lé jù lọ. Èdè Látìn ni àwọn àlùfáà sábà máa ń fi kọ ọ́, tí James á di Jacobus, tí William á sì di Gulielmus, ṣùgbọ́n àlùfáà tí ó bá jẹ́ ará Írẹ́lándì mọ ohun tí ìletò já mọ́, ó sì lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tọkọtaya, ohun tí akọ̀wé ìjọba kì í ṣe. Bí kò bá tilẹ̀ kọ ọ́, orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ ìrìbọmi yóò wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n dúró fún ọmọ níwájú ìjọ. Ẹni tí kò fura á kà wọ́n sí àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ará ìletò kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àwọn ará Írẹ́lándì kì í sábà ṣí lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ẹ̀gbọ́n á lọ, á ríṣẹ́, á fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò, àbúrò á wá bá a gbé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn á sì tẹ̀ lé e, títí tí òpópónà kan ní Liverpool tàbí Manchester á fi kún fún àwọn tí wọ́n mọ ara wọn láti kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ baba ńlá tirẹ̀ nìkan ń fi ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ sílẹ̀. Àbúrò, ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó, ayálégbé tí ó sùn sínú yàrá kan náà lóru ìkànìyàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn ti dárúkọ ìletò rẹ̀, bóyá lórí òkúta ibojì, bóyá nínú ìwé ológun, nítorí pé àwọn ológun máa ń béèrè párísì tí wọ́n ti bí ẹni tí ó fẹ́ wọṣẹ́.

Orúkọ ìdílé pàápàá a máa yí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ará ìwọ̀-oòrùn, èdè Gaelic ni wọ́n ń sọ, wọn kò sì mọ̀wé, akọ̀wé á wá kọ ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́. O tàbí Mac á já kúrò níwájú orúkọ, tí O'Sullivan á di Sullivan. Kì í ṣe púrúǹtù nìkan ni èyí bá. Patrick, baba àwọn òǹkọ̀wé obìnrin mẹ́ta náà, Charlotte, Emily àti Anne Brontë, ni wọ́n bí ní Emdale ní County Down ní ọdún 1777, Brunty tàbí Prunty sì ni wọ́n ń kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó wọ yunifásítì Cambridge ní ọdún 1802 ni Brontë tó fìdí múlẹ̀. Olùwádìí tí ó bá fọwọ́ lé ọ̀nà ìkọrúkọ kan ṣoṣo yóò gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn rẹ̀ kọjá.

Ohun tí ó máa ń mú ọ̀pọ̀ rẹ̀wẹ̀sì ni iná ọdún 1922. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ilé ìṣúra ìwé ìjọba ní Four Courts ní Dublin bú gbàmù, ìwé ìkànìyàn ọdún 1821 sí 1851 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán, pẹ̀lú èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú ìwé ìrìbọmi Ìjọ Áńgílíkà tí ó wà ní Írẹ́lándì. Òfò ńlá ni, ó sì tún dunni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ kí wọ́n run ti ọdún 1861 títí dé 1891. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé gbogbo rẹ̀ ni ó jóná, irọ́ sì ni. Ìwé Ìjọ Àgùdà wà lọ́wọ́ àwọn párísì nígbà náà, iná kò sì kàn án. Ní ọdún 2015 ni ilé ìkàwé àpapọ̀ Írẹ́lándì gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ìdíyelé ilẹ̀ tí Richard Griffith ṣàkóso, tí wọ́n tẹ̀ jáde láàárín ọdún 1847 sí 1864, dárúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ ní ìletò sí ìletò. Ìkànìyàn ọdún 1901 àti 1911 wà lódindi, wọ́n sì wúlò fún ẹni tí baba rẹ̀ ti lọ láti ọdún 1848 pàápàá, nítorí pé àwọn ìbátan tí wọ́n kù sílé ṣì lè wà lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé kan náà.

Àwọn tálákà jù lọ ni ìwé ìyà dárúkọ. Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aláṣẹ lágbára láti dá aláìní tí kò ní ẹ̀tọ́ ìbùgbé padà síbi tí ó ti wá; nǹkan bí 15,000 ènìyàn ni Liverpool kó padà sí Írẹ́lándì báyìí ní ọdún 1847, àwọn kan nínú wọn ṣì ń ṣàìsàn. Kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀, adájọ́ á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, á béèrè ibi tí wọ́n ti bí wọn, iye ọmọ wọn àti ọdún tí wọ́n ti lò, ìdáhùn wọn a sì máa wà nínú ìwé nígbà mìíràn. Àwọn kan máa ń fo irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti ìwé ẹ̀wọ̀n, nítorí ìtìjú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ fún ẹni tí ebi lé kúrò nílé. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnìkan ti béèrè orúkọ ìlú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́.

Ìṣíkiri náà kò parí láyé ìyàn. Láàárín ọdún 1951 sí 1961, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni ó kúrò ní Írẹ́lándì, tí ọ̀pọ̀ wọn lọ kọ́lé, la títì, tàbí ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọbìnrin wà láàárín wọn tí wọ́n lóyún láìtíì lọ́kọ, tí wọ́n sá lọ síbẹ̀ láti bímọ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé nílé, inú ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá fi wọ́n sí, níbi tí wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá fún ẹlòmíràn tọ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà báyìí ń gbé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lónìí. Àyẹ̀wò DNA, èyí tí a ń fi itọ́ ẹnu ṣe, ti fi ìbátan han ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ ìyá àfi bí ìbátan tí ó súnmọ́ ọn bá ti ṣe tirẹ̀. Òfin tí Írẹ́lándì ṣe ní ọdún 2022 ni ó fún ẹni tí wọ́n gbà tọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìbí rẹ̀ lódindi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, ìyá tí ó bá sì ṣì wà láyé ti di arúgbó. Fún wọn, ìwé tí ó bá pẹ́ ọdún kan kí ó tó dé lè ti pẹ́ jù.