Ẹ Wo Ẹsẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Awò

Àwa òbí ní Sabon Gari ń dá owó jọ láti ra tẹlisíkóòpù fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó máa gbé e dúró la fẹ́ sọ. Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé òṣùwọ̀n tó bá wà lórí tábìlì tó ń mì, irọ́ ló máa pa. Awò tó bá sọ òṣùpá di ńlá ní ìlọ́po 100, ìlọ́po 100 náà ló máa sọ gbígbọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ dà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tín-ín-rín kò lè kojú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wa.

Èyí tí wọ́n ń pè ní equatorial dára, àmọ́ ìràwọ̀ àríwá ni wọ́n fi ń tò ó. Ní Zaria níbí, ìràwọ̀ yẹn kò ga ju bíi digiri 11 lọ. Ilé àti eruku ọyẹ́ tètè máa ń bò ó. Dobsonian ló bá wa mu: àpótí pákó tó jókòó sílẹ̀ gbọin, tí John Dobson sọ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ la fi ń yí i, ọwọ́ la fi ń gbé e sókè sódò, kò sì wá iná NEPA. Káfíńtà wa lè fi plywood kàn án, ká fi owó tó kù ra awò tó tóbi. Torí ọmọ tó bá rí òṣùpá tó ń gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ kìíní, kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin ará, kí lẹ rí sí i?