Tata, akàn àti ràkúnmí onírin: Àwọn alábàárù tó sọ rélùwéè Baltimore di ọlọ́rọ̀

Ilé rìbìtì ńlá kan wà ní òpópónà West Pratt, nílùú Baltimore, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí òrùlé ẹ̀ ga fíofío. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ni, ọdún 1884 ni wọ́n kọ́ ọ, igun 22 ló sì ní yí ká. Mount Clare ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé tí wọ́n ń kó àwọn ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ sí, tí àwọn èèyàn ń wá wò wọ́n.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ńjìnnì tó ń gbé èrò, tí wọ́n kùn dáadáa, lojú ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó ti wọlé fún rélùwéè yìí, ọ̀dọ̀ àwọn alábàárù ni kó lọ. Àwọn yẹn kì í ṣe arẹwà. Ẹrù ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn rù.

Baltimore and Ohio ni orúkọ rélùwéè ọ̀hún, B&O ni wọ́n gé e kúrú sí. Ìbẹ̀rù ló bí i. Lọ́dún 1825, àwọn ará New York la odò kan tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, Erie Canal, ọjà gbogbo láti àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀dọ̀ wọn lọ sókun. Àwọn oníṣòwò Baltimore rí i pé ebi fẹ́ pa ìlú àwọn. Òkè ńlá ló dí wọn lọ́nà, odò kò lè gbabẹ̀. Ni wọ́n bá ní irin làwọn máa tẹ́ gorí òkè náà títí dé odò Ohio. Ọdún 1827 ni wọ́n gbàwé àṣẹ. Nígbà tó di July 4, 1828, Charles Carroll, bàbá arúgbó ẹni 90 ọdún, òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà, ló wá bá wọn fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀. Lọ́dún 1830, irin náà dé Ellicott's Mills, máìlì 13 péré. Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ nígbà náà.

Ẹṣin kò ṣeé fi gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Nítorí ẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà ṣe kéde lọ́dún 1831 pé ẹni tó bá ṣe ẹ̀ńjìnnì tó dáa jù máa gba 4,000 dọ́là. Ta ló gbà á? Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe aago ní ìlú York, Phineas Davis. Lọ́dún 1832, ó ṣe èyí tó ń jẹ́ Atlantic. Bọ́ílà ẹ̀ dúró gbọọrọ bí àgbá, irin gígùn méjì wà lókè ẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ tata tó fẹ́ fò. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Tata. Ẹ má fojú di Tata o. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó lágbára débi pé àwọn kan nínú wọn ṣì ń ti wágọ́nù kiri ní Mount Clare títí wọ ọdún 1890 sókè. Davis fúnra ẹ̀ kò rí i. Ní September 27, 1835, òun àtàwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń gbádùn ìrìn àjò lórí ẹ̀ńjìnnì tuntun, ló bá yẹ̀ kúrò lójú irin, bí Davis ṣe kú nìyẹn.

Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ni Ross Winans. Àgbẹ̀ ni láti New Jersey, ẹṣin ló sì wá tà fún iléeṣẹ́ náà tó fi dé Baltimore. Ẹni tó wá ta ẹṣin ló wá lé ẹṣin lọ. Ó kọ́kọ́ bá wọn ṣe Akàn, tí irin òkè ẹ̀ ń yí síwájú tí táyà ń yí sẹ́yìn, bíi pé ẹ̀yìn ló ń rìn. Láti ọdún 1844, ó ṣe èyí tó tóbi jùyẹn lọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá ti ń lọ lórí irin tí wọn kò tẹ́ dáadáa, ńṣe ló máa ń wú ẹrẹ̀ jáde lábẹ́ pákó. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Awapọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Lọ́dún 1848 ni baba wọn wá dé, Ràkúnmí. Táyà mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Inú páànù gíga kan lórí bọ́ílà, bí iké lẹ́yìn ràkúnmí, ni dírẹ́bà máa ń jókòó. Ibi tí iná ti ń jó fẹ̀ gan-an, torí èédú ni wọ́n ń dáná fún un nígbà tó jẹ́ pé igi ni ọ̀pọ̀ rélùwéè mìíràn ń sun. Kò yá nílẹ̀, ìjàpá lásán ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dì mú, ó di dandan kó gbé e dókè. Èyí gan-an ni B&O ń wá. Láti Piedmont lọ sí Altamont, máìlì 17 ni ọ̀nà wọn fi ń gun òkè láìsinmi, máìlì kọ̀ọ̀kan ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 116. Ní December 24, 1852, irin náà dé Wheeling létí odò Ohio, máìlì 379 sí Baltimore. Èédú láti Cumberland, ìyẹ̀fun, ẹran, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ́ sọ́wọ́ Baltimore. Ìlú là.

Àmọ́ ta ló ń sun òógùn? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò Ràkúnmí. Dírẹ́bà wà lókè, ooru bọ́ílà ń yan ìdí ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó èédú sí, ó ń fi ṣọ́bìrì da èédú síná. Ìgbà míì, á gòkè lọ da èédú gba ojú ihò tó wà lórí iná. Bí dírẹ́bà bá pè é, ariwo irin kò ní jẹ́ kó gbọ́. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé orí wágọ́nù ni wọ́n ń sáré lé, láàárín yìnyín àti òjò, kí wọ́n lè fọwọ́ yí bíréèkì. Ẹsẹ̀ tó bá yọ̀, ó ti parí.

Winans kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Láti ọdún 1853 ni Samuel Hayes, ọ̀gá níléeṣẹ́ náà, ti ṣe ràkúnmí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́rin kéékèèké wà níwájú kó má baà máa yẹ̀. Nígbà tó di 1857, Henry Tyson tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀ńjìnnì ní irú èyí ni òun fẹ́. Winans ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni tòun. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ìwé ń fò síwá sẹ́yìn, nígbẹ̀yìn Winans ti iléeṣẹ́ ẹ̀ pa. Lọ́dún 1861 ìjọba mú un lẹ́ẹ̀mejì, torí ó wà lẹ́yìn àwọn ará Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà.

Ogun yẹn kò fojúure wo rélùwéè. Kó tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lóru October 16, 1859, John Brown àtàwọn èèyàn ẹ̀ ya wọ Harpers Ferry, wọ́n fẹ́ gba àwọn ẹrú sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìbọn wọn pa kì í ṣe ọ̀tá. Heyward Shepherd ni, èèyàn dúdú tó ti dòmìnira, tó ń bá B&O gbé ẹrù ní ibùdó ọkọ̀. Alábàárù náà ni òun. Lọ́dún 1861, àwọn ọmọ ogun Jackson dáná sun ẹ̀ńjìnnì tó lé ní 40 ní Martinsburg, wọ́n tún fi ẹṣin wọ́ àwọn kan lójú títì lọ sí Gúúsù. Memnon wà lára àwọn tó la ogun náà já. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n rà lọ́dún 1848 ni, orúkọ ọba Ethiopia kan nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì ni wọ́n fún un. Ẹ lè rí i ní Mount Clare títí dòní.

Winans kú ní April 1877. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ B&O ní àwọn máa yọ dọ́là kan nínú mẹ́wàá lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́kọ́ gé e tẹ́lẹ̀. Ní July 16, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ẹrù ní Martinsburg tú ẹ̀ńjìnnì kúrò lára wágọ́nù, wọ́n ní ẹrù kankan kò ní kọjá. Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ bí iná ọyẹ́, ó dé Pittsburgh, ó dé Chicago. Ní July 20, àwọn sójà yìnbọn ní ìgboro Baltimore, wọ́n pa èèyàn bíi mẹ́wàá. Ìjọba àpapọ̀ kó sójà jáde, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Owó tí wọ́n gé kò padà bọ̀ sípò. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Ní February 17, 2003, yìnyín wó òrùlé ilé rìbìtì náà, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló já lu àwọn ẹ̀ńjìnnì. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i padà ní November 13, 2004. Ràkúnmí tí Winans fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe kò sí ìkankan mọ́ láyé. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá ni, ọmọ ìyá ẹ̀ tó dé lẹ́yìn ogun.

Ẹni tó bá dé Baltimore, kó yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí Ràkúnmí, kó má wo orí nìkan níbi tí dírẹ́bà ń jókòó. Kó yí lọ sẹ́yìn, níbi tí ọmọ èédú ń dúró sí. Wọ́n kọ orúkọ Davis, Winans àti Hayes sínú ìwé. Tẹni tó ru ẹrù ńkọ́? Ṣọ́bìrì nìkan ló mọ̀ ọ́n.