Ọmọ tó mọ ìṣirò lọ́jà, tí kò mọ̀ ọ́n ní kíláàsì

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún ẹ̀kọ́ tó parí yìí tí mo fẹ́ sọ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní CEG kan lágbègbè Kétu. Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi náà, Faransé ni mo sì fi ń kọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá, ní kíláàsì 4ème, mo kọ ìṣirò kan sí pátákó, mo ní ta ló mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́. Ó dìde, ó wá Faransé títí, kò rí i. Ló bá sọ ìdáhùn náà ní Yorùbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà jágbe mọ́ ọn: "En français, ou tu t'assieds!" Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ mọ́. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, 4 nínú 20 ló gbà. Mo ní ọ̀lẹ ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo lọ ra gàrí. Ta ni mo bá nídìí igbá? Ọmọ yìí ni, ìyá rẹ̀ ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn. Mo kí wọn pé ajé á wọgbá. Agolo kan jẹ́ 350 F. Mo ní kó wọn méje fún mi, mo sì fún un ní 5.000 F. Kí n tó yọ fóònù láti ṣírò rẹ̀, ó ti ka ṣéńjì 2.550 F lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó wolẹ̀, ó ní:

"Monsieur, agolo mẹ́jọ ni 2.800. Mo yọ owó ẹyọ kan kúrò, ó ku 2.450. Ó ku àádọ́ta kó pé 2.500. Mo fún yín ní àádọ́ta yẹn, mo wá fi 2.500 tó kù lé e."

Ẹ̀yin èèyàn mi, (8 − 1) × 350 nìyẹn! Ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn ní Faransé, tí mo rò pé kò yé e, òun ló fi ń ta gàrí.

N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tó bá sọ èdè ilé nílé ìwé, wọ́n á so "signal" mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gbé e kọ́rùn lọ sílé lọ́jọ́ kan, n kò lè jẹun. Mo búra pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn láé. Ṣùgbọ́n signal tí kò lókùn ni mo so mọ́ ọmọ yìí lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ 45 sí pátákó. Mo ní, "Kí là ń pè é nílé?" Wọ́n pariwo: "Márùndínláàádọ́ta!" Mo ní, "Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Kẹ́kẹ́ pa. Mo wá ṣàlàyé: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹ yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́ta, ó di àádọ́ta. Ẹ tún yọ márùn-ún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 20 × 3 − 10 − 5. Ìsọdipúpọ̀ kọ́kọ́, kí ìyọkúrò tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń ka owó ní Yorùbá ti ń ṣe é kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe é. Àwọn ọmọ Fọ̀n tó wà láàárín wọn náà dìde, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń kà á nílé tiwọn. Kíláàsì gbóná lọ́jọ́ náà!

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ wọn ní PCT. Òun náà bi wọ́n léèrè ìdí tí epo pupa fi ń dì nígbà ọyẹ́. Gbogbo wọn ló ní nǹkan láti sọ kó tó kọ "solidification" sí pátákó.

Ọ̀gá kan kìlọ̀ fún wa pé wọn kì í fi Yorùbá ṣe BEPC. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti yé wọn tán, a óò kọ ọ́ ní Faransé. Ọmọ tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, kì í pẹ́ rí Faransé tí yóò fi sọ ọ́.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ó yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, 11 ló gbà. Kì í ṣe òun ló gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó ti ń nawọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn tajà rí, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń ṣírò owó lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. N óò mú un lọ sí kíláàsì tí a bá wọlé.